Ohun Tí Jẹ́jẹ́ Lè Ṣe

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ sì kú àìrí ọmọ-ọmọ yín láti oṣù méjì. Mo mọ̀ pé ilé á ti dákẹ́ jù fún yín. Ilé tiwa níbí náà dákẹ́, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn.

Jẹ́jẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀. N kò ní kò sọ púpọ̀ o, mo ní kò sọ rárá. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kò tíì pè mí ní màmá, kò tíì pè mí ní nǹkan kan. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ etí mi ló máa ń wò, bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn mi. Tí mo bá fẹ́ gbá a mọ́ra, á gan bí igi. Mo ra ọmọláńgidi fún un. Ó bọ́ aṣọ ọmọláńgidi náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi ọmọláńgidi sílẹ̀ níhòòhò. Ó tún máa ń fa òwú pupa yọ lára aṣọ ìbora mi, tí á so ó mọ́ mi níka kí n tó jí. Mo ti bá a wí títí pé kó yéé ba aṣọ jẹ́.

Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ tí èmi náà sì wá síbí. Ọdún márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ó ń bínú sí mi ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́ lọ́dọ̀ yín, tó wá yadi lọ́dọ̀ mi, kí la ó pe ìyẹn bí kò ṣe ìbínú?

Ilé-ìwé pè mí sí ìpàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Níbí, bí nǹkan kò bá rọrùn fún ọmọ kan, wọ́n á pe òbí àti àwọn olùkọ́, gbogbo wọn á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á kọ ètò tí wọn yóò máa tẹ̀ lé lórí ọmọ náà sínú ìwé. Àga àwọn ọmọdé la fi jókòó, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. A jẹ́ mẹ́rin: èmi, olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, tí mo sọ ní Ọ̀gá Aláago torí pé aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò ju ojú ènìyàn lọ, àti obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì. Olùkọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pe ìyẹn nínú ọkàn mi.

Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àti pé kí ló lè ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo ti kó gbogbo lẹ́tà yín sínú báàgì. Mo kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́, pé ó ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, pé ó kọrin níwájú gbogbo ilé-ìwé tí àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kà á. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ àkọlé kan, "Ohun tí ọmọ yìí lè ṣe". Ọ̀gá Aláago ní ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, èdè ibí ni kò tíì gbọ́, kò nílò olùrànlọ́wọ́ kankan, ká kàn fún un láàyè. Olùkọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kàn ń yí bírò lọ́wọ́.

Màmá, kí ló máa ń sọ nípa mi nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín? Orin wo ló sì kọ lọ́jọ́ náà, kí n lè máa kọ ọ́ fún un?

Aṣọ tí ẹ rán fún un dé. Ó bá a mu, àmọ́ apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ.

Èmi ni ọmọ yín tó di alágbàfọ̀ nílé ìfọṣọ ilé-ìwòsàn.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi Alágbàfọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà níbí, kò sí ewu kankan.

Kí ló dé tí o fi ń kó lẹ́tà tí ìyá kọ sí ọmọ lọ síwájú àwọn àjèjì? Lẹ́tà ni mo kọ, n kò jẹ́rìí ní kóòtù. Ṣé ẹni tó ń wo aago lo wá ń ka ọ̀rọ̀ ilé fún?

Ara ọmọ náà á balẹ̀. Má pariwo mọ́ ọn, má dúró kò ó lójú, jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bínú sí ọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, gbà á bẹ́ẹ̀. Orin tó kọ, mo ti gbàgbé rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́.

Ohun tí mo fi ń kìlọ̀ fún ọ ni pé kí o má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọkórúkọ pe ọmọ yẹn nínú ìwé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn wọ̀nyẹn ò sì mọ ilé wa. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé nọ́ńbà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ níbi iṣẹ́ yín. Ṣé ẹnikẹ́ni tún ń wo aṣọ tí nọ́ńbà bá ti wà lára rẹ̀?

Apá aṣọ tó gùn jura lọ, ẹ̀rọ mi ló ń ṣe ségesège. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún un ṣe.

Ìwọ tí a máa ń lé yí ilé ká kó o tó fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ, ìwọ ló wá ń fọ aṣọ odidi ilé-ìwòsàn! Ayé ń yí o. Máa jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Màmá,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín bó ṣe yẹ. Ara mi ò balẹ̀. Orí ìdì aṣọ ìbùsùn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ìsinmi ogún ìṣẹ́jú ni mo ní.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n pè mí láti ilé-ìwé, mo sá jáde ti èmi ti épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn. Wọ́n ti ń wá Jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan. Abẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ń fi kóòtù kọ́ sí ni wọ́n ti rí i. Ó ti já bọ́tìnnì mọ́kànlá lára kóòtù àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ó sì tò wọ́n sílẹ̀, èyí tó kéré jù ló ṣáájú, èyí tó tóbi jù ló kẹ́yìn. Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó bú sígbe, ó sì gé e jẹ.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ tí kò sọ, tó lè kà tí kò kà, ìwà ni. Àwọn ohun tí mo kà fún wọn nínú lẹ́tà yín ni wọ́n tún ṣí níwájú mi. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ ogún oṣù kọkànlá. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tuntun lọ́jọ́ náà, wọn yóò gbé e lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ alágídí ní òdìkejì ìlú. Mo ti lọ wo ibẹ̀. Ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọkùnrin tó ga tó mi ń ti ara wọn lu ògiri. Jẹ́jẹ́ wa yìí, tí òjò bá bú á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!

Olùkọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń wo ọmọ yìí. N kò rò pé ó ń bínú sí ẹnikẹ́ni. Ta ló tọ́ ọ?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Kì í ṣe ohun tó dùn-ún gbọ́ ni kí wọ́n kọ o. Ohun tí ojú wọn rí ni."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Ṣé ìyá mi ń purọ́ ni? Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rántí pé fún odidi ọdún márùn-ún, ìgbàkígbà tí mo bá pè, Jẹ́jẹ́ ń sùn ni. Mo pè láàárọ̀, ó ń sùn. Mo pè lọ́sàn-án, ó ń sùn. Ọmọ wo ló ń sùn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sì ti pè yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kò gbé e.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ǹjẹ́ Jẹ́jẹ́ ti sọ̀rọ̀ rí?


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Màmá,

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń lọ wo àpótí lẹ́tà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì tó bá ti rí mi.

Mo pe aládùúgbò yín. Ó ní ara yín le, pé ìdí ẹ̀rọ lẹ máa ń jókòó sí láràárọ̀, àmọ́ òun ò rí i kí ẹ rán nǹkan kan. Ẹ wà nílé nìyẹn. Ẹ wà láàyè, ẹ kàn dákẹ́ ni. Ṣé lọ́wọ́ yín ni Jẹ́jẹ́ ti kọ́ ọ?

Ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ti ń sáré ju mí lọ. Àmọ́ n kò ní pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́.


Ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fà á ya. Gbogbo ìgbà ni mo ń kọ "gbogbo wa wà ní àlàáfíà" sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ọwọ́ mi á sì dúró.

Jẹ́jẹ́ kò sọ̀rọ̀ rí.

Ó tán. Mo ti kọ ọ́. Kò ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, kò sì kọrin níwájú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé sí ọ pé ó kọrin, abẹ́ tábìlì mi ló wà, tó fọwọ́ di etí, torí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ọ̀nà tirẹ̀ ni ọmọ yìí ń gbà mọ nǹkan, kí n wá olùkọ́ tó mọ irú wọn. Ilé-ìwé méjì ló dá a padà fún mi.

O fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mo fi purọ́. O wà lókèèrè. A kì í kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ẹni tó wà lájò, àlàáfíà là ń kọ sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Nígbà tí bàbá rẹ ń ṣàìsàn, ṣé mo sọ fún ọ kó tó di pé ó kú? Kí lo fẹ́ ṣe? Ẹkún lásán lo máa sun sórí aṣọ aláṣọ, tàbí kí o kó ẹrù kí o máa bọ̀ wálé, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Irọ́ kan péré ni mo fẹ́ pa. Àmọ́ o tún bèèrè, o tún bèèrè, ó wá di pé ọmọ ń dàgbà nínú lẹ́tà. Ọmọ inú lẹ́tà ń kọrin, ọmọ inú ilé ń dákẹ́. Nígbà tó yá, mo ti fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

N kò mọ̀ pé o máa kó èyí tó ń kọrin lọ síwájú àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi í na èyí tó dákẹ́. Ó dùn mí o. Mo jẹ̀bi ọmọ yẹn, mo sì jẹ̀bi ìwọ náà.

Ìyókù yìí, kà á fún olùkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bí mo ṣe kọ ọ́. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀.

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Jẹ́jẹ́ kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń gbọ́. Ẹ má dúró kò ó lójú. Ẹ jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa wo nǹkan kan náà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yín hàn án. Ariwo máa ń dùn ún lára. Tí ẹ̀rù bá bà á, á wọ abẹ́ nǹkan, ẹ má fà á jáde, ẹ ti bọ́tìnnì díẹ̀ sí i níbẹ̀, tó bá tò ó tán á jáde fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì ló fi kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ní kó mú funfun mẹ́fà wá, mẹ́fà ló máa mú wá, kì í ṣe márùn-ún. Ó mọ àwọ̀ òwú mẹ́tàlélógún, tí mo bá dárúkọ ọ̀kan á gbé e wá. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́, gbogbo abẹ́rẹ́ tí mo ń lò lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì máa ń fi í wọlé. Á jókòó sí apá òsì mi. Mo bá na ọwọ́, abẹ́rẹ́ á ti wà níbẹ̀. A lè jókòó báyẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí inú wa dùn. Tó bá fẹ́ràn ènìyàn, á fi òwú pupa wé e níka. Pupa ni ààyò rẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ èyí, ó sì dá mi lójú.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá

Màmá mi,

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé. Lórí ìdúró ni mo ti kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba, inú yín bí mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jí láràárọ̀ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kórìíra, ẹ̀yin lẹ sì fi mí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kà dé ibi òwú pupa. Mo jókòó sórí àkàbà. Láràárọ̀ ni mo ń já òwú yẹn dànù, Màmá. Mo máa ń fi bú u.

Ó wà níka mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Wọ́n ní kí n mú Jẹ́jẹ́ wá sí ìpàdé. Mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ohun tí mo kà nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo wá ka lẹ́tà tuntun náà láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá Aláago ní, "Ẹ ti fún wa ní ìtàn méjì báyìí. Èwo ni ká gbà?" Ìbéèrè yẹn tọ́ sí mi.

Olùkọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó jókòó ti Jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án, ó sì da agolo bọ́tìnnì kan sílẹ̀. Ó ní kí n sọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún un ní èdè wa. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, bá mi mú funfun mẹ́fà." Ó mú mẹ́fà. Olùkọ́ wá gbé abẹ́rẹ́ àti òwú sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ fi òwú náà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó wá na abẹ́rẹ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì dúró.

Ẹ̀yin ló ń dúró dè, Màmá. Ó nà án, kò gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Aláago ò wo aago. Mo lọ jókòó sí apá ọ̀tún yẹn, mo na ọwọ́, ó sì fún mi.

Olùkọ́ kíláàsì tó gé jẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti ń dúró kò ó lójú láti ọjọ́ yìí." Wọ́n fa ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ sábẹ́ "Ohun tí ọmọ yìí lè ṣe" nígi, wọ́n sì kọ òmíràn, ó kún ojú ìwé kan. Inú kíláàsì rẹ̀ ló máa wà. Ẹnì kan yóò máa jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láràárọ̀, wọ́n á fún un ní àwòrán tí á máa fi nǹkan hàn, bọ́tìnnì ni wọn yóò máa fi ṣe ìṣirò fún un, ibi kan yóò sì wà lábẹ́ tábìlì tó jẹ́ tirẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i. Ni Olùkọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá tún fa ìlà karùn-ún. Ó ní ìyá àgbà náà wà ní ìpàdé. Ìwé ọ̀hún ló wà nínú àpòòwé yìí, ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ dá a padà.

Bí a ṣe ń jáde, ó bi mí pé, "Kí ló dé tí ọmọ ọdún mẹ́rin fi ń bá aránṣọ fi òwú sí gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀?" Mo délé, mo tún wo apá aṣọ tó gùn jura lọ, mo wo bí ìlà lẹ́tà yín ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ àlàáfíà sí mi. Kí ló ṣe ojú yín?

Mo sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí. Ó lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì kó ohun tó wà lára aṣọ kékeré yìí wá. Òun ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe èmi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

N kò wà ní àlàáfíà.

Ojú òsì ti lọ láti ọdún mẹ́ta. Ti ọ̀tún ń ríran bí ẹni tó gba inú ọ̀rá wo òde. Oòrùn ọ̀sán gangan ni mo fi ń kọ lẹ́tà, tí òjò bá ṣú, ó di ọjọ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tí èsì mi fi máa ń pẹ́. Ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́ rí. Aṣọ tí mo rán fún Jẹ́jẹ́, àfọwọ́bà ni mo fi rán an. N kò rán nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo kàn ń jókòó síbẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò lè rí mi.

O rò pé mo fi Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ sí ọ torí pé ó tó àkókò. Ó sá jáde sí títì lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò rí i. Mo ń pe ọmọ tí kì í dáhùn, n kò sì rí i. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ mi yà kúrò lórí ìlà, ní kí wọ́n wá a nísàlẹ̀. Bá mi kí olùkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ojú rẹ̀ mú ju ojú àwa méjèèjì lọ.

Aládùúgbò ń mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, àti kí ni mo ṣì lè ṣe. Mo ti bá aládùúgbò sọ ọ́ pé kó jókòó tì mí, bí mo bá fẹ́ sọ pé ara mi le, kó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Abẹ́rẹ́ méjìlá ló wà lára aṣọ kékeré tí Jẹ́jẹ́ fi ránṣẹ́, mo fọwọ́ kà á. Òwú ti wà nínú gbogbo wọn. Mo bi aládùúgbò léèrè àwọ̀ wọn, ó ní pupa ni, pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fa òwú ọ̀kan yọ, mo sì wé e mọ́ ìka mi. Mo fi òmíràn rán bọ́tìnnì tó já lára búláòsì mi láti oṣù kẹjọ.

Bá mi sọ fún Jẹ́jẹ́, àmọ́ jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o tó sọ ọ́: mo na ọwọ́, abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ.